Mò ń tọ́jú ìyá mi, àmọ́ ó dà bíi pé àwọn èèyàn ti gbàgbé mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 47 ni mí. Ó ti di ọdún karùn-ún báyìí tí mo ti ń tọ́jú ìyá mi tí àìsàn ìgbàgbé tí àwọn dókítà ń pè ní dementia ń ṣe. Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin méjì àti àbúrò obìnrin kan. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, mi ò lè parọ́ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mò ń jí lóru. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin tẹ́lẹ̀, mo sì ní àwọn ọ̀rẹ́ tí a jọ máa ń jókòó sọ̀rọ̀. Gbogbo ìyẹn ti dópin. Bí mo bá tilẹ̀ débi tí àwọn èèyàn kóra jọ sí, ńṣe ló máa ń dà bíi pé mi ò sí níbẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń wá sí mi lọ́kàn pé kí gbogbo rẹ̀ kúkú parí, ẹ̀rù ara mi á sì bà mí. Ṣé ọpọlọ mi ló ń dàrú ni, àbí ìfẹ́ ìyá mi ló ti tán lọ́kàn mi? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ẹ kú ìtọ́jú ìyá, ẹ kú àìsùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó ń dẹ́rù bà yín jù kúrò nílẹ̀. Èrò pé kí gbogbo rẹ̀ parí kì í ṣe ìwà ìkà, kò sì fi hàn pé ẹ kórìíra ìyá yín. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tó ti tọ́jú aláìsàn fún ọdún púpọ̀ ló ti ro irú rẹ̀ rí, tí wọn ò jẹ́ sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọkàn ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìyà ó tán, ìyà tiyín àti tìyá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà ni bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí ẹ ó ṣe ṣe ara yín léṣe, tàbí tí ọwọ́ yín bá ti ń le mọ́ ìyá, tí ẹ ń fà á, tí ẹ ń tì í. Bó bá débẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ pe ẹnì kan kó wá dúró ti ìyá, kí ẹ sì rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti ìfẹ́, kò tán. Ọ̀fọ̀ lẹ ń ṣe. Ọ̀mọ̀wé Pauline Boss, ará Amẹ́ríkà, ti ń ṣiṣẹ́ lórí irú ọ̀fọ̀ yìí láti àwọn ọdún 1970: ẹni náà wà lójú, ẹ ń wẹ̀ ẹ́, ẹ ń wọ̀ ọ́ láṣọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ mọ̀ ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá tó mọ gbogbo àṣírí yín ń bi yín pé ta ni yín. Ẹ ti pàdánù èèyàn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó kú. Nítorí pé kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó wá bá yín kẹ́dùn, kò sẹ́ni tó jókòó tì yín, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ẹ ń dá ṣọ̀fọ̀, ẹ sì tún ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án lóru. Kò lè ṣe kó má rẹ èèyàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà yín tó ká mi lára ju àìsùn lọ. Ẹ ní bí ẹ bá wà láàárín èèyàn, ńṣe ló dà bíi pé ẹ ò sí níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká dúró sí, torí mo gbà pé ibẹ̀ ni ọgbẹ́ yín wà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí àìsàn bá ṣe le tó ni ẹrù olùtọ́jú ṣe ń wúwo tó. Lọ́dún 1980, Steven Zarit àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣèwádìí lórí àwọn tó ń tọ́jú àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ ti ń ra. Wọ́n bi àwọn olùtọ́jú bí ẹrù náà ṣe wúwo lọ́kàn wọn tó, wọ́n sì fi ìdáhùn wọn wé ìṣesí aláìsàn. Wọn ò rí i pé wàhálà tí aláìsàn ń fà ló ń pinnu ìwúwo ẹrù. Ohun tó bá a tan ni iye ìgbà tí àwọn ẹbí yòókù ń yà wá wo aláìsàn náà. Níbi tí ẹsẹ̀ ẹbí bá ti ń yà, ọkàn olùtọ́jú máa ń fúyẹ́ ju ti ẹni tí wọn kì í yà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ. Ìwádìí náà ò tóbi, olùtọ́jú 29 péré ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àtinú iṣẹ́ yẹn ni ìwé ìbéèrè tí wọ́n ṣì fi ń wọn ẹrù olùtọ́jú káàkiri ayé títí dòní ti jáde.

Àbẹ̀wò ni wọ́n kà o, kì í ṣe owó. Mi ò fojú kéré owó tí àwọn ẹbí yín ń fi ránṣẹ́, torí oògùn kì í gbọ́ bẹ́ẹ̀bẹ́ẹ̀. Àmọ́ owó á wọlé, ẹ ó ṣì nìkan wà nínú yàrá. Ẹni tó bá wá jókòó fún wákàtí kan péré á fojú ara rẹ̀ rí bí ìyá ṣe ń dìde lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó sọ gbólóhùn kan tán, á rí ojú yín náà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún pè é pé ó ti rẹ̀ yín, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé. Ó ti di ẹlẹ́rìí yín.

Báwo wá ni ẹni tó ní ẹgbẹ́, tó ní ọ̀rẹ́, ṣe ń di àjèjì láàárín wọn? Nínú iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn tí mò ń ṣe, ó ṣọ̀wọ́n kí n gbọ́ pé ìjà ló fà á. Wọ́n á pè yín nígbà àkọ́kọ́, ẹ ò ní lè fi ìyá sílẹ̀. Wọ́n á tún pè yín, ẹ ó ní ẹ̀ ń bọ̀, ìyá ò ní sùn mọ́jú, ẹ ó sì pè wọ́n padà nígbà tó ti pẹ́ pé ẹ ò lè wá mọ́. Nígbà kẹta, àwọn fúnra wọn á sọ láàárín ara wọn pé kí wọ́n má yọ yín lẹ́nu, ìyá lẹ ń tọ́jú. Inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe yọ yín kúrò nínú iye nìyẹn. Ẹ̀yin náà á wá rí i pé fóònù ò dún mọ́, ẹ ó gbà pé wọ́n ti gbàgbé yín. Wọ́n ń dúró dìgbà tí àyè bá gbà yín. Ẹ̀yin ń dúró dìgbà tí wọ́n bá rántí yín. Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún.

Bí ẹ bá tún pàdé, ìbéèrè kan náà ni: "Màmá ńkọ́?" Ẹ ó ní, "A dúpẹ́." Ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀, nítorí àìsàn yìí kì í ní ìròyìn tuntun tó dùn ún sọ, kò sì sẹ́ni tó rántí béèrè ẹ̀yin alára. Díẹ̀díẹ̀, ẹ kì í ṣe akọrin mọ́, ẹ kì í ṣe ọ̀rẹ́ mọ́. Olùtọ́jú màmá nìkan lẹ kù tí ẹ jẹ́ lójú wọn. Ìdí rèé tí ẹ fi lè wà láàárín ogún èèyàn kó sì dà bíi pé ẹ ò sí níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń kí kì í ṣe ẹ̀yin.

Ìtìjú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó lè jẹ́ pé ìyá ti pe àlejò kan lólè rí, tàbí ó ti bọ́ra sílẹ̀ níwájú ẹnì kan, ẹ̀yin náà sì ti pinnu pé kí ẹnikẹ́ni má wá mọ́. Ẹ fẹ́ bo ìyá láṣìírí, ohun tí ọmọ rere ń ṣe ni. Àmọ́ ilẹ̀kùn tí ẹ tì nítorí rẹ̀ ti há ẹ̀yin náà mọ́lé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ sọ fún àlejò kó tó wọlé pé, "Àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá bú yín, ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ ṣáà rẹ́rìn-ín sí wọn." Ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn á gbà á bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ ṣáájú.

Ara pàápàá ń gbọ́ ọ. Lọ́dún 1995, Janice Kiecolt-Glaser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ojú ọgbẹ́ kékeré kan sí apá àwọn obìnrin tó ń tọ́jú ìbátan wọn tó ní dementia, wọ́n sì dá irú rẹ̀ sára àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn bá tiwọn dọ́gba tí wọn ò tọ́jú ẹnikẹ́ni. Ọgbẹ́ àwọn olùtọ́jú fi nǹkan bí ọjọ́ 9 pẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ kó tó jiná. Nínú ìwádìí mìíràn tí Richard Schulz àti Scott Beach tẹ̀ jáde lọ́dún 1999, wọ́n tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà tó ń tọ́jú ọkọ tàbí aya wọn fún ọdún 4. Ewu ikú àwọn tí ìtọ́jú náà ń ni lára fi 63% ju ti àwọn tí kò tọ́jú ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni ọdún 66 sókè ni wọ́n, ẹ̀yin ò tí ì débẹ̀, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú ṣùgbọ́n tí kò ni wọ́n lára ò sí nínú irú ewu bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú nìkan kọ́ ló ń pa èèyàn.

Mi ò wá ní sọ fún yín pé kí ẹ lọ sinmi. Inú mi kì í dùn sí ìmọ̀ràn yẹn rárá. Ẹni tí kò ní arọ́pò, tí wọ́n ní kó lọ sinmi, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n tún dì lé e lórí, á sì máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun ò rí ìyẹn náà ṣe. Èèyàn lẹ nílò kí ìsinmi tó lè wáyé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹbí. Mary Mittelman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì New York ṣiṣẹ́ pẹ̀lú 406 ọkọ àti aya tó ń tọ́jú ẹnìkejì wọn tó ní dementia. Ìjókòó ìgbaninímọ̀ràn mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún ìdajì wọn, mẹ́rin nínú mẹ́fà yìí ló sì jẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹbí. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi wọ́n mọ ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú, wọ́n sì lè pe agbaninímọ̀ràn lórí fóònù nígbà tí nǹkan bá ṣú wọn. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọn dín kù ju ti àwọn yòókù lọ, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 3. Èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2006 fi hàn pé àwọn aláìsàn wọn fi nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ pẹ́ nílé sí i kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn ẹbí ni wọ́n lo ọ̀pọ̀ ìjókòó náà fún.

Bí ẹ bá wá fẹ́ bá àwọn ẹbí yín sọ̀rọ̀, ẹ má fi "ẹ ò ràn mí lọ́wọ́" bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù tó bá gbọ́ ìyẹn, àwíjàre ló máa kù tí yóò máa ṣe. Ẹ dárúkọ ọjọ́, ẹ dárúkọ aago, ẹ dárúkọ iṣẹ́. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí sí àbúrò yín: "Mo fẹ́ kí o wá jókòó ti màmá ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, láti aago 10 àárọ̀ sí aago 2. Mi ò ní sí nílé. Gbogbo ohun tó yẹ kí o mọ̀ ni mo ti kọ sílẹ̀ fún ọ." Gbólóhùn "mi ò ní sí nílé" yẹn ṣe pàtàkì, torí bí ẹ bá wà ńlé, ẹ̀yin náà lẹ ó ṣì máa sáré.

Àwọn ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin náà ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé obìnrin ló ń ṣe 70% nínú wákàtí tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn tó ní dementia, nítorí náà kò ní yani lẹ́nu bí wọ́n bá ti gbà lọ́kàn wọn pé iṣẹ́ yín ni. Ẹ pín tiwọn fún wọn. Kí ọ̀kan gba ọ̀rọ̀ oògùn àti ọjọ́ dókítà, kó jẹ́ pé òun ni yóò máa rántí rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Kí èkejì máa pe ìyá lórí fóònù aláwòrán ní aago kan náà ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Bó bá sì ti pè, kí ẹ fi yàrá sílẹ̀ fún wọn, kódà bí ìyá ò bá mọ̀ ọ́n. Kí àwọn méjèèjì sì máa pe ẹ̀yin alára nígbà mìíràn láìkọ́kọ́ béèrè màmá. Ẹ sọ fún wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kì í ṣe ìtìjú, kò kàn wá sí wọn lọ́kàn ni.

Ìwé kan tí ẹ máa lẹ̀ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ló máa mú kí gbogbo èyí ṣeé ṣe, torí ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá ni pé wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ẹ kọ orúkọ tí ìyá ń dáhùn sí jù. Ẹ kọ oògùn àti aago rẹ̀. Ẹ kọ apá tó ń dùn wọ́n tí wọn ò gbọdọ̀ fà. Ẹ kọ ọ́ pé: "Bí wọ́n bá ní àwọn ń lọ sílé, má sọ pé ilé nìyí. Bi wọ́n pé ta ló wà nílé. Wọ́n á máa ròyìn, wọ́n á gbàgbé ìrìn àjò." Irú nǹkan wọ̀nyí tí ẹ fi ọdún márùn-ún kọ́, kò yẹ kó wà lórí yín nìkan. Ẹni tó bá rọ́pò yín lè má ṣe é bíi tiyín. Ó lè wọ aṣọ ìyá lódì, omi lè dànù. Ẹ jẹ́ kó dànù. Bí ẹ bá ń tún gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe ṣe lẹ́yìn wọn, wọn ò ní padà wá.

Ní ti ẹgbẹ́ akọrin yín, ẹ padà lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí àlejò tí wọ́n ń ṣàánú. Ẹ gba iṣẹ́ kékeré kan tí ẹ lè ti inú ilé ṣe: ṣíṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ orin, tàbí pípe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lórí fóònù láti rán wọn létí ọjọ́ ìgbáradì. Èèyàn lè fẹ́ràn yín gidigidi kí ẹ má sì sí nínú ìṣirò rẹ̀ fún ọ̀la. Ibi tí èèyàn ti jẹ́ ọmọ ilé ni ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀, tí nǹkan kan á dúró bí kò bá dé. Ìtọ́jú ti mú kí ẹ jẹ́ ẹni tí wọ́n ń retí níbì kan ṣoṣo, lọ́dọ̀ aláìsàn. Ẹ nílò ibòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

Ẹ tún gbé èyí yẹ̀ wò: kí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn wá ṣe ìgbáradì nílé yín. Orin jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó máa ń pẹ́ jù lórí ẹni tí dementia ń ṣe. Ẹlòmíràn tí kò lè rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ á ṣì kọ orin ìgbà èwe rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyá yín náà ti di ẹni tí wọn kì í bẹ̀ wò. Òun náà nílò èèyàn, kì í ṣe olùtọ́jú nìkan.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn dára púpọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ wá ọ̀kan. Obìnrin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Mary Webster, oníwàásù ni. Lọ́dún 1954 ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti tọ́jú àwọn òbí rẹ̀. Lọ́dún 1963, ó kọ lẹ́tà sí àwọn ìwé ìròyìn nípa bí nǹkan ṣe rí fún obìnrin tí kò lọ́kọ tó ń tọ́jú òbí. Lẹ́tà àwọn obìnrin tí nǹkan rí bẹ́ẹ̀ fún bá ya bo ó. Olúkúlùkù wọn ti rò pé òun nìkan ni. Lọ́dún 1965, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àtibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Carers UK lónìí ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí ẹ ó rí nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn tí ẹ lè sọ èrò tó ń dẹ́rù bà yín yẹn fún láìjẹ́ pé wọ́n ya ẹnu. Èyí tó wà lórí fóònù tún dáa fún òru, nígbà tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ ń sùn. Àmọ́ ẹ fojú sílẹ̀: bó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kérora nìkan ni, tí ẹ ń kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó túbọ̀ wúwo, ẹ wá òmíràn. Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ni ẹgbẹ́ tí ẹ ní, torí ẹ̀yin kì í ṣe olùtọ́jú nìkan.

Ẹ béèrè bóyá ọpọlọ yín ń dàrú. Ohun tí ẹ kọ ò fi hàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ 2 gbáko tí inú yín fi ń bàjẹ́ ní ọ̀pọ̀ jù lọ ọjọ́, tí ohun tó ń múnú yín dùn ò mú un dùn mọ́, tí ẹ ò lè sùn kódà lóru tí ìyá sùn, tí oúnjẹ ò wù yín, tí ẹ ń rí ara yín bí ẹni tí kò wúlò, ó lè ti di àìsàn ìsoríkọ́. Ìyẹn ní ìtọ́jú. Ìgbaninímọ̀ràn ń ṣiṣẹ́ fún un, oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún gbé ìyá lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ tó dìde, ẹ sọ pé: "Èmi náà fẹ́ kí ẹ yẹ̀ mí wò." Wọ́n lè má béèrè bí ẹ ò bá sọ.

Ẹ má gbìyànjú àti ṣe gbogbo èyí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò yín obìnrin ni mo máa ní kí ẹ kọ́kọ́ pè. Kì í ṣe torí pé òun ló jẹ yín ní gbèsè jù, ó lè jẹ́ pé òun ló máa tètè gbà. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n yín ló máa tètè gbà, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyẹn. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti wá lẹ́ẹ̀kan, tó rí ìwé ara ògiri, tó rí i pé òun lè ṣe é, ẹ ní kó pe àwọn yòókù fún yín. Wọ́n á gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe máa gbọ́ ọ lẹ́nu yín lọ. Wákàtí mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn tí ẹ bá rí, ẹ má fi ra oògùn, ẹ má fi fọ aṣọ ìyá. Ẹ wá ẹnì kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ yẹn lọ, kí ẹ sì sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀ ń bọ̀.